Kẹ̀kẹ́ Oníjíà Kan àti Kẹ̀kẹ́ Oníjíà Púpọ̀: Èwo Ló Bá Ọ̀nà Ifọ́n Mu?

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ìjọba Àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ ti di ohun tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń ṣírò ní alaalẹ́. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà kí ìkéde náà tó wáyé ti kọjá 500 náírà kí oṣù méjì tó pé. Ní Ifọ́n, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, àgbẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà lọ sí oko tí ó sì ń gùn ún bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé rẹ̀ wà ní òdìkejì ìlú, àti òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù, gbogbo wọn ló mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú àpò. Kò yani lẹ́nu, nítorí náà, bí àwọn kan bá tún ń bojú wẹ̀yìn wo kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí àwọn baba wa fi ṣe ẹsẹ̀ rìn kí alùpùpù tó gba ìgboro.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lónìí, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ pàdé ni pé: ṣé oníjíà ni tàbí èyí tí kò ní jíà? Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé èyí tó ní jíà púpọ̀ ló dára jù nítorí pé òun ló wọ́n jù. Àwọn mìíràn a ní wàhálà ni jíà, kí ènìyàn ra èyí tó rọrùn kó lè sinmi. Èrò méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ohun tó yẹ kó pinnu ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀nà tí ènìyàn yóò máa gbà, ẹrù tí yóò máa rù, àti ẹni tí yóò bá a tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe bó bá bàjẹ́.

Oríṣi kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí a máa ń pè ní ọ̀kan

Kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà pín sí ọ̀nà méjì, àìmọ ìyàtọ̀ wọn sì lè mú ewu wá. Èkínní ni kẹ̀kẹ́ oníjíà kan tó ní fíríwíìlì. Èyí ni a mọ̀ jù. Bí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá dẹ́kun wíwa pẹ́dàlì, wíìlì ẹ̀yìn yóò máa yí lọ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ a sì sinmi. Ìró tíkí-tíkí-tíkí tí a máa ń gbọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, inú fíríwíìlì ló ti ń wá.

Èkejì ni èyí tí irin eyín ẹ̀yìn rẹ̀ dè mọ́ wíìlì pátápátá, láìsí fíríwíìlì. Níwọ̀n ìgbà tí wíìlì bá ṣì ń yí, pẹ́dàlì náà kò lè ṣàì yí. Ẹsẹ̀ kò ní ìsinmi, yálà lórí òkè tàbí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Orí pápá ìdíje tí a yà sọ́tọ̀ fún eré kẹ̀kẹ́ ni ilé rẹ̀ gan-an, níbi tí kò ti sí kòtò, tí kò sí ewúrẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sáré sọdá. Ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ sọ ọ́ di ohun afẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́, nítorí ó fúyẹ́, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò sì pọ̀. Irú rẹ̀ lè bá àwọn kẹ̀kẹ́ àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tó rà á lè máà mọ ohun tí òun gbé délé títí tí yóò fi dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀. Òun náà ní ẹ̀yà méjì. Ọ̀kan gbé jíà rẹ̀ sí ìta: irin eyín bíi márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn, apá irin kékeré kan sì ń ti ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Ìkejì fi tirẹ̀ pamọ́ sínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì tí àwọn sípóòkù ti jáde. Kò sí ohun tó hàn síta ju wáyà tín-ínrín kan lọ.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe dé àti bí jíà ṣe bá a

Kẹ̀kẹ́ tó ní wíìlì méjì tó dọ́gba, tí ṣéènì ń yí wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀, di ohun tí ayé gbà ní ọdún 1885, nígbà tí John Kemp Starley ṣe Rover jáde ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ní ìlú Nottingham, ilé iṣẹ́ Raleigh bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kálẹ̀ débi pé, ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà kan kì í sọ pé àwọn ra kẹ̀kẹ́; Ráálè ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn rà. Dúdú ni, ó ga, irin rẹ̀ nípọn, ó ní káríà lẹ́yìn, ó sì ní ìbòrí ṣéènì. Kẹ̀kẹ́ yìí ni olùkọ́, akọ̀wé, oníṣòwò kòkó àti ajíhìnrere fi ń rin ìrìn àjò. Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ a máa gba owó ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbà á lórí ọkọ̀ lónìí. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn kò mọ jíà. Láti ọdún 1902 ni họ́ọ̀bù oníjíà mẹ́ta ti Sturmey-Archer ti jáde ní Nottingham kan náà. Ṣùgbọ́n jíà kan ṣoṣo ló wà lára èyí tó pọ̀ jù tí a rí níhìn-ín, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ẹni tó ní sípánà kan sì lè tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lábẹ́ igi kó sì tún un tò. Àwọn tí wọ́n ń kó wọlé láti Íńdíà àti Ṣáínà lẹ́yìn náà tẹ̀ lé àwòṣe kan náà.

Ìtàn kan tó pani lẹ́rìn-ín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903, ṣùgbọ́n Henri Desgrange tó dá a sílẹ̀ kórìíra jíà tó ń fa ṣéènì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lójú tirẹ̀, agbára ẹsẹ̀ ló yẹ kó borí òkè, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ. Ọdún 1937 ni wọ́n tó gbà á láyè fún gbogbo àwọn olùdíje. Kí ọdún náà tó dé, olùdíje tó bá dé ẹsẹ̀ òkè á sọ̀ kalẹ̀, á tú wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀, á yí i padà kí irin eyín ńlá tó wà ní apá kejì lè bọ́ sábẹ́ ṣéènì, kó tó máa gun òkè lọ. Bí àwọn tó fi eré kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ bá nílò ìrànlọ́wọ́ lórí òkè, kò sí ìtìjú kankan fún àgbẹ̀ tó ru iṣu bó bá nílò rẹ̀.

Ìwúwo ẹrù àti gíga òkè

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ká ní irin eyín iwájú kẹ̀kẹ́ kan ní eyín 44, tí ti ẹ̀yìn sì ní 18, tí wíìlì rẹ̀ sì jẹ́ oníńṣì 28 bíi ti àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dàlì po lẹ́ẹ̀kan, wíìlì á yí lẹ́ẹ̀méjì àti ààbọ̀ dín díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà 5 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ń yí pẹ́dàlì ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan yóò máa sáré tó kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, èyí dára púpọ̀.

Nísinsìnyí, ká ní àgbẹ̀ kan tó wọn kílò 65 gun kẹ̀kẹ́ tó wọn kílò 18, ó sì di iṣu kílò 25 sórí káríà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 108. Ó dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ń ga sókè ní mítà 6 nínú mítà 100 tí ó bá rìn. Láti máa lọ láìdúró, agbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi tẹ pẹ́dàlì yóò tó ìwúwo kílò 38, bí a bá pín in dọ́gba yí po. Ìyẹn ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ tì láìsinmi. Ọ̀dọ́ tó lágbára lè ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí kẹ̀kẹ́ náà bá jẹ́ oníjíà púpọ̀, tí ó sì bọ́ sí jíà tí eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn ti dọ́gba, agbára tí a ń wí yìí yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi kílò 15. Kò sí idán nínú rẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ jèrè nínú agbára ló pàdánù nínú ìyára: kẹ̀kẹ́ kò ní lọ ju nǹkan bíi kìlómítà 8 lọ ní wákàtí kan bí ẹsẹ̀ bá ń yí ní ìwọ̀n kan náà. Ó fi díẹ̀ yára ju ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣì wà lórí ìjókòó, ẹrù sì wà lórí káríà.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí owó rẹ̀ kéré, tí ọ̀pọ̀ kò sì ronú kàn. Bí a bá yọ irin eyín 18 tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ oníjíà kan, tí a fi ti eyín 22 rọ́pò rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà yóò máa lọ ní nǹkan bíi mítà 4 àti ààbọ̀ ní ìyípo pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan. Agbára tí òkè yẹn ń béèrè yóò dín kù láti kílò 38 sí kílò 31 tàbí 32. Ìyára orí ilẹ̀ títẹ́jú yóò wálẹ̀ sí kìlómítà 16 ní wákàtí kan. Oko tó jìnnà ní kìlómítà 8 yóò gba ìdajì wákàtí. Ohun tó kù ni kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi ẹyọ díẹ̀ kún ṣéènì kó lè tó. Ní tiwa, ìyípadà kékeré yìí ni a rò pé ó yẹ kí ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nílé kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó máa wá owó jíà kiri.

Ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ kò dọ́gba. Ifọ́n fúnra rẹ̀ àti apá gúúsù tó lọ sí ìhà Òkelúsè kò ní òkè tó le. Ilẹ̀ wọn kàn ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ ni. Apá àríwá, níbi tí Ìdó-Àní àti àwọn ìlú tó yí i ká wà láàárín òkè, yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó ń gbé Ifọ́n tó ń lọ sí ọjà àti oko tó wà nítòsí kò nílò jíà mọ́kànlélógún. Ẹni tó ń gbé ìhà Ìdó-Àní, tàbí ní ilẹ̀ Àkókó lókè lọ́hùn-ún, tó sì máa ń ru ẹrù, yóò kábàámọ̀ bí kò bá ní in.

Erùpẹ̀, ẹrẹ̀ àti ọwọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Ọ̀tá jíà tó wà níta ni ilẹ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa á bá òróró pò lára ṣéènì, á sì di ohun tó ń gé irin bíi ayùn. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ọ̀nà oko á wọ àárín àwọn irin eyín tó tò pọ̀ náà. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀ tún tín-ínrín ju ti oníjíà kan lọ: fífẹ̀ inú ti èkínní jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2.4, ti èkejì sì jẹ́ mìlímítà 3.2. Èyí tó fẹ̀ náà ń lọ tààrà ní gbogbo ìgbà, kì í wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Apá irin kékeré tó ń ti ṣéènì náà kò lágbára púpọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú sí apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè tẹ̀, láti ọjọ́ náà ni jíà yóò sì máa fò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

A tún gbọ́dọ̀ sọ ti aṣọ. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní ìbòrí ṣéènì, nítorí náà olùkọ́ obìnrin lè wọ ìró, bàbá lè wọ ṣòkòtò fífẹ̀, kí òróró má sì kàn wọ́n. Kẹ̀kẹ́ tí jíà rẹ̀ wà níta kì í sábà ní ìbòrí yìí. Ẹni tó bá gùn ún gbọ́dọ̀ di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, kí ṣéènì má baà gbé e mì.

Èyí tí jíà rẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù ló bọ́ nínú ọ̀pọ̀ wàhálà wọ̀nyí. Eruku kò dé ibẹ̀, ṣéènì rẹ̀ fẹ̀, ìbòrí sì lè wà. Họ́ọ̀bù oníjíà mẹ́ta ti Sturmey-Archer tí a mọ̀ jù ń dín jíà àárín kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún òkè, ó sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un fún ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ẹnì kan bá rí irú rẹ̀ nínú tòkunbọ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó má ṣe jẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí inú họ́ọ̀bù náà bá bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló lè tú u kó sì mọ bí a ti ń tò ó padà. Nítorí náà, kí ènìyàn tó ra kẹ̀kẹ́ kankan, ó bọ́gbọ́n mu kó kọ́kọ́ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó bi í léèrè irú ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tí ó lè rí rà láìrin ìrìn àjò.

Ìjánu: ibi tí ẹ̀mí wà

Ohun gbogbo tí a ti sọ bọ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn àti owó. Ti ìjánu yàtọ̀. Títì tó ti Ọ̀wọ̀ gba Ifọ́n kọjá lọ sí ìhà Benin ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó jẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ àjàgbé ń gbà tọ̀sán-tòru, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí kò bá lè dúró ní ìgbà tó fẹ́ dúró kò ní ibi kankan tí yóò yà sí.

Kẹ̀kẹ́ tí kò ní fíríwíìlì ni a kọ́kọ́ fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan a máa gùn ún láìsí ìjánu rárá, wọ́n ní àwọn lè fi ẹsẹ̀ da pẹ́dàlì dúró. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ lè dín ìyára rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n wíìlì ẹ̀yìn nìkan ni agbára yìí dé. Bí kẹ̀kẹ́ bá sì ń dúró, iwájú ni ìwúwo ń rọ́ lọ, ẹ̀yìn á fúyẹ́, táyà á sì máa yọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ́dàlì yóò máa yí kíákíá ju bí ẹsẹ̀ ti lè bá a lọ. Bí ẹsẹ̀ bá sì yọ, kò sí ohun tó kù láti mú kẹ̀kẹ́ náà dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ra irú rẹ̀, kó má ṣe jù ú nù. Kó jẹ́ kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe wò ó bóyá a lè fi wíìlì tó ní fíríwíìlì rọ́pò ti ẹ̀yìn, kó sì fi ìjánu méjì sí i, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kó tó gùn ún jáde sí ojú pópó.

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Rímù onírin tó ń dán, tí rọ́bà ìjánu ń fún mọ́ra, ń di ohun tó ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀ sí i. Ìjánu tó ń múni dúró kíákíá ní ọ̀sán lè máà ríṣẹ́ ṣe nínú òjò títí kẹ̀kẹ́ yóò fi lọ jìnnà. Rímù alumíníọ́ọ̀mù tó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀ sàn jù ú lọ nínú omi. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan sì wà tí ìjánu wọn wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, tí a máa ń mú ṣiṣẹ́ nípa títẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn. Òjò kò ràn án, ó sì dára fún inú ìlú, àmọ́ ó lè gbóná gan-an lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, bí ṣéènì bá sì já, ìjánu náà ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìjánu mìíràn níwájú.

Àdéhùn Vienna ti ọdún 1968 lórí ìrìnnà ojú pópó, èyí tí Nàìjíríà náà ti fọwọ́ sí, béèrè pé kí kẹ̀kẹ́ ní ìjánu tó múná, aago tí a lè gbọ́, iná funfun tàbí oníyẹ̀ẹ́lò níwájú, iná pupa lẹ́yìn, àti ohun pupa tó ń dán padà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Bí agbára kò bá tíì ká iná, ẹ má ṣe gùn ún lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, pàápàá ní ojú títì ńlá tó jáde kúrò ní ìlú. Láti Ifọ́n dé Ọ̀wọ̀ ju kìlómítà 35 lọ. Ẹni tó bá gbéra ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ẹrù lè bá òkùnkùn pàdé lójú ọ̀nà. Ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjánu kẹ̀kẹ́ tí ẹ fẹ́ rà ṣì dára, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ fún ìjánu iwájú pọ̀, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú. Ó yẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ti ẹ̀yìn, kí ẹ tún tì í; ó yẹ kí táyà ẹ̀yìn wọ́ nílẹ̀ láìyí. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì síwájú kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bí pẹ́dàlì bá dúró tí wíìlì sì ń yí lọ, fíríwíìlì wà níbẹ̀. Bí pẹ́dàlì bá ń bá wíìlì yí lọ, kẹ̀kẹ́ orí pápá ìdíje ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ jẹ́ kí iye owó tí ẹ ó san fi èyí hàn.